Orúkọ Tó Wà Nínú Ẹ̀rọ Tawfiq

Gbogbo ẹni tó wá kí Alhájà Sàrátù kú ọ̀fọ̀ ọmọ ní Ṣàgámù ló rí kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní yàrá Tawfiq, gbogbo wọn ló sì fẹ́ pa á. Ẹni kan á ní kí wọ́n pa á kó má baà gbiná. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ yọ okùn rẹ̀ kí òun fi ṣáàjì fóònù, torí pé bátìrì òun ti lọ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Fàdìlàt, opó Tawfiq, tòun ti oyún nínú, á sáré dìde lórí ẹní, á fi ara dí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ kàn án."

Wọ́n wá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀fọ̀ ti kọlu orí ìyàwó. Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó ń wá ibi tí yóò ti ṣáàjì fóònù nílé ọ̀fọ̀, òun lorí rẹ̀ pé.

Ohun tí Fàdìlàt ń ṣọ́ kò ju orúkọ kan ṣoṣo lọ. Ọ̀sẹ̀ tí dókítà sọ fún wọn pé obìnrin ló wà nínú oyún ni Tawfiq gbéra lọ sí Ìbàdàn. Kó tó kúrò nílé, ó pe Fàdìlàt lórí fóònù, ìyẹn wà lọ́jà. Ó ní, "Mo ti rí orúkọ ọmọ wa o! Mo ti sọ ọ́ tàdúrà-tàdúrà sínú ẹ̀rọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ la máa tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́." Fàdìlàt ní kó sọ ọ́ fóun báyìí-báyìí. Tawfiq bú sẹ́rìn-ín. "Sùúrù, ìyàwó mi. Ṣebí ìwọ náà lo máa ń ní ká má fún ẹnikẹ́ni ní ohun tí kò tíì tọ́ sí i." Ní Ògèrè, tírélà tí bíréèkì rẹ̀ já ló lọ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Wọ́n sin ín kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Ọ̀rọ̀ tòun tẹ̀rín yẹn ló bá a sọ kẹ́yìn.

Ẹ lè ní irú ọkọ wo ló ń gbé orúkọ ọmọ sínú ẹ̀rọ. Ẹni tí kò mọ Tawfiq ló máa bèèrè bẹ́ẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ lòun àti Fàdìlàt ti mọra, nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé ní Ìlíṣàn. Àwọn méjèèjì ló jọ kọ ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, débi pé àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan ti ń lò ó, títí kan ọ̀kan ní Ìsarà. Inú irú ètò bẹ́ẹ̀, ibì kan wà tó jẹ́ olórí fún gbogbo ìyókù. Kẹ́nẹ̀lì ni wọ́n ń pè é.

Iṣẹ́ kẹ́nẹ̀lì kò le yé èèyàn. Ẹ wo ilé Alhájà Sàrátù. Ayálégbé kún un, kálukú ló ní yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Alhájà nìkan ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá wà. Bí ayálégbé kan bá wá ní, "Alhájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú agbọ̀n tó wà ní yàrá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún," ohun tí Alhájà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ìwọ lo ni yàrá ìsàlẹ̀?" Bí kò bá bi í, tó kàn lọ ṣílẹ̀kùn, a jẹ́ pé ọwọ́ Alhájà gan-an ni olè fi jalè nìyẹn. Nínú ẹ̀rọ, kẹ́nẹ̀lì ni Alhájà, àwọn prógíráàmù ni ayálégbé, mẹ́mọ́rì tí kálukú ń kó ẹrù sí ni yàrá.

Iṣẹ́ Fàdìlàt ni láti rí i pé kẹ́nẹ̀lì ń bèèrè ìbéèrè yẹn níbi gbogbo, lọ́wọ́ ẹni gbogbo. Ọwọ́ Tawfiq yá, ó sì láwọ́. Á kọ iṣẹ́ tirẹ̀ wàràwàrà, á fo ìbéèrè náà. "Ilé ara wa kọ́ nìyí ni? Ta la fẹ́ máa bi?" Fàdìlàt á ní, "Àwa gan-an la máa kọ́kọ́ bi." Á wá ihò náà rí, á dí i pa. Tawfiq á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́dà ọgbà ẹ̀wọ̀n lòun fẹ́ níyàwó, àwọn méjèèjì á sì jọ rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ara wọn.

Prógíráàmù tó ń gba ohùn, èyí tí Tawfiq ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí ikú mú un, kò tíì parí. Ó lè gba ohùn kó sì tọ́jú rẹ̀ sí yàrá tirẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì, ṣùgbọ́n Tawfiq ò tíì ṣe ibi tí yóò ti gbé e lọ síbi tí kò ti ní parẹ́. Bí iná bá kú lórí ẹ̀rọ náà pẹ́nrẹ́n, ó tán. Bátìrì tí wọ́n fi oòrùn ń rọ, tí páńẹ́lì rẹ̀ wà lórí òrùlé, ló ń gbé e ró. Ìka ọwọ́ Tawfiq nìkan ló sì lè ní kí ohùn náà jáde, ìka ọ̀hún sì ti wà nínú ilẹ̀.

Bí Fàdìlàt ṣe ń ṣe opó, tí kò lè jáde nílé, ìdí ẹ̀rọ yìí ló wà. Á kọ prógíráàmù kékeré kan, á rán kẹ́nẹ̀lì níṣẹ́ pé kó bá òun mú ohun tó wà ní yàrá ohùn wá. Kẹ́nẹ̀lì á wo ojúlé náà, á dá a lóhùn lójú ẹ̀rọ: "Ojúlé yìí kì í ṣe tìrẹ." Yorùbá ni wọ́n fi kọ gbogbo èsì ẹ̀rọ wọn. Fàdìlàt fúnra rẹ̀ ló kọ ti ibẹ̀ yẹn, nígbà tó wà lọ́mọge tí kò mọ ohun tí ẹkún ọkọ ń jẹ́. Ó gba iwájú, ó gba ẹ̀yìn, èsì kan náà ni. Gbogbo ibi tó ti rò pé ihò máa wà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń bá níbẹ̀, ó ti dí i, ó sì dí i dáadáa. Ọmọ náà mà mọ iṣẹ́ o! Á sunkún títí ojú á wú, á tún padà sídìí ẹ̀.

Adéwọlé, ọ̀rẹ́ wọn láti Ìlíṣàn, ló sọ òótọ́ fún un lórí fóònù. "Fàdìlàt, ihò tí Tawfiq dá sílẹ̀ ni ò ń wá láti ìgbà yìí wá, o sì ti dí gbogbo wọn. Wá èyí tí ìwọ alára dá sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dun Fàdìlàt. Ó pa fóònù, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Láràárọ̀, kí Alhájà tó lọ sí ìsọ̀ obì rẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ìyá àgbà náà kì í ṣe ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń bi í.

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀, Ìyá."

"Á sọ̀rọ̀. Má dá ara rẹ lágara." Á wá dúró díẹ̀ sí i, bí ẹni tó tún ní nǹkan í sọ, á sì kọjá lọ. Fàdìlàt rò pé ohùn ọmọ rẹ̀ ló ń wù ú gbọ́, ìyẹn sì tó fún ẹnikẹ́ni láti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Fàdìlàt bí ọmọ náà wẹ́rẹ́. Obìnrin ni lóòótọ́. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, bí ọmọ ṣe ń mu ọmú lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí iṣẹ́ tó ti gbàgbé pátápátá, ìyẹn iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe lórí kẹ́nẹ̀lì nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Níbẹ̀, kẹ́nẹ̀lì ń bi prógíráàmù pé ibo ni ẹrù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ń rí i dájú pé yàrá tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò bi í pé ibo ni ẹrù náà parí sí. Èèyàn lè dúró sínú yàrá tirẹ̀, kó ní ẹrù òun gùn dé yàrá kejì, kẹ́nẹ̀lì á sì na ọwọ́ kọjá ògiri, á kó o wá fún un láìjanpata.

Ìtìjú mú Fàdìlàt, ayọ̀ sì bo ìtìjú mọ́lẹ̀. Ó pe Adéwọlé. Ìyẹn náà hó yèè, àfi bó ṣe rọra tún sọ pé, "Díẹ̀díẹ̀ o. Lẹ́yìn yàrá ohùn, kò sí ilé mọ́, ilẹ̀ òfìfo ló wà níbẹ̀. Bí kẹ́nẹ̀lì bá na ọwọ́ débẹ̀, òun alára á ṣubú, gbogbo ilé á sì wó lé ohun tó wà nínú rẹ̀." Fàdìlàt ní ṣé òun ni wọ́n ń kọ́ ní ìyẹn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló jókòó tì í. Ó ní kí kẹ́nẹ̀lì na ọwọ́ díẹ̀, ó gbọ́ ikọ́. Ó ní kó nà án díẹ̀ sí i, ó gbọ́ "Bísímílááhì." Yéè! Ohùn Tawfiq ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu kí ọmọ tó sùn má baà jí. Díẹ̀ sí i: "Ọmọ mi, èmi bàbá rẹ nìyí. Mi ò tíì rí ọ, ṣùgbọ́n o ti ń fẹsẹ̀ gbá mi nígbà tí mo bá gbọ́wọ́ lé ikùn ìyá rẹ." Díẹ̀ sí i: "Ìyá rẹ le o. Bó bá bi ọ́ ní nǹkan, tètè dáhùn." Fàdìlàt ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọwọ́. Kò dúró kó èyí tó ti gbọ́ pamọ́. Ó ní bó bá pé, òun á kó o pamọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Alhájà kan ilẹ̀kùn. "Ìyàwó, àwọn àlùfáà ti jókòó. Ṣé ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀?"

"Ó ti ń sọ̀rọ̀, Ìyá! Ó ku díẹ̀!"

"Alihamudulilahi!" Ohùn ìyá àgbà gbọ̀n lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Alihamudulilahi, ọmọ mi."

Ariwo èèyàn ti ń pọ̀ níta, wọ́n ń to àga. Tawfiq ṣì ń ṣàdúrà nínú ẹ̀rọ, àdúrà gígùn, ẹ̀mí gígùn, ìmọ̀, ìrọ̀rùn, kò tíì dárúkọ. Wọ́n tún wá kan ilẹ̀kùn pé Lèmọ́mù ní ibòmíràn tún ń dúró de òun. Ọmọ jí, ó figbe ta. Sùúrù Fàdìlàt, sùúrù tó fi jókòó ti ẹ̀rọ yìí láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, já ní ìdajì ìṣẹ́jú. Ó ní kí kẹ́nẹ̀lì na ọwọ́ dé òpin, kó kó gbogbo èyí tó kù wá lẹ́ẹ̀kan.

Ojú ẹ̀rọ ṣú. Nígbà tó máa padà tàn, "Ẹ káàbọ̀" ló kọ, bó ṣe máa ń kọ nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. Yàrá ohùn ṣófo.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe Fàdìlàt, nítorí kò ké. Ó gbé ọmọ, ó wẹ ojú, ó jáde.

Lèmọ́mù ṣàdúrà, ó yíjú sí i. "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n ní bàbá ọmọ yìí ti fi orúkọ sílẹ̀ kó tó lọ. Ìyá ọmọ, kí ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́?"

Fàdìlàt la ẹnu láti sọ pé òun ò gbọ́ ọ. Ìgbà náà lojú rẹ̀ ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti Alhájà. Ìyá àgbà fi ọwọ́ méjèèjì mú etí ìborùn rẹ̀, ojú rẹ̀ tàn lọ́nà tí Fàdìlàt kò rí i rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ta ló lè sọ fún ojú bẹ́ẹ̀ pé òun ti pa ohùn ọmọ rẹ̀ rẹ́? Orúkọ kan bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Raqeebah."

Kò sẹ́ni tó bi í pé ṣé ó dá a lójú. Obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní kí wọ́n bi ẹni gbogbo, òun ni kò sẹ́ni tó bi. Kíákíá ni wọ́n gba orúkọ náà, àwọn kan ń sunkún, wọ́n ní Tawfiq ti sọ̀rọ̀ láti ọ̀run. Wọ́n bi Alhájà pé orúkọ wo ni òun náà fẹ́ fi kún un. Alhájà ní èyí tí ọmọ òun sọ ti tó. Nígbà tó wá ní kí Fàdìlàt jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn náà, Fàdìlàt ní ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú. Alhájà mi orí, ó wọlé lọ bọ́ ìborùn.

Fàdìlàt fúnra rẹ̀ ló dí ihò náà. Ó fi ìbéèrè kejì kún un, ibo lẹrù rẹ parí sí, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo ètò wọn, torí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ aláìsàn ní Ìsarà kò gbọ́dọ̀ ṣubú bí ti Tawfiq ṣe ṣubú. Ó sunkún bó ṣe ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó ṣe é.

Ọmọ dàgbà, ó ń rá. Ẹnikẹ́ni tó bá pe Raqeebah, á yíjú, á fi eyín méjì rẹ́rìn-ín. Àfi Alhájà. "Ọmọ yìí" ni Alhájà ń pè é, kì í dárúkọ rẹ̀. Fàdìlàt rí i, kò sì bèèrè, torí ẹni tó purọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà jáde.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn méjèèjì jókòó sí ìsọ̀, wọ́n ń ṣa obì tí kòkòrò ti jẹ kúrò lára èyí tó dára. Ọmọ ń rá kiri láàrin apẹ̀rẹ̀. Alhájà sọ obì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyàwó, ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Má rò pé mo ń wá ìjà o."

"Ẹ máa sọ ọ́, Ìyá."

"Tawfiq ò purọ́ fún mi rí láti kékeré. Kí ni mo ṣe fún un, tó fi yí ọkàn padà?"

"Yí ọkàn padà lórí kí ni, Ìyá?"

Alhájà kò wò ó. "Àárọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, ó wá dọ̀bálẹ̀ kí mi níbí yìí. Ó ní, 'Ìyá, orúkọ yín ni mo sọ ọmọ náà. Ẹ má sọ fún ìyàwó mi o, mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.' Mo ní kó má dán an wò, pé ìyàwó ò ní lè pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, torí tèmi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní o ó máa pè é ní Ìyáà mi." Ó ṣa obì kan sọ sínú apẹ̀rẹ̀. "Ṣé èmi ni màá dìde láàrin àwọn àlùfáà, kí n ní orúkọ mi ni kí wọ́n sọ ọmọ? Ojú á gbà mí tì. Mo ní ẹ̀rọ á sọ ọ́. Ìgbà tó o wá ní Raqeebah ló wí, mo ní ó dáa. Mo ní bóyá mo ti ṣẹ̀ ẹ́, tó sì bínú sí mi kó tó dé Ògèrè. Ohun tí mo ń rò látìgbà náà nìyẹn."

Obì bọ́ lọ́wọ́ Fàdìlàt. Lẹ́yìn ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ó ti ro gbogbo orúkọ tó ṣeé ṣe kí Tawfiq sọ: Kàdíjátù, Fàtíà, Morónkẹ́, Moríyọ̀. Èyí kan ṣoṣo yìí ni kò wá sí i lọ́kàn rí, torí ìyàwó ilé kì í gbé orúkọ ìyá ọkọ sẹ́nu, kódà nínú èrò. Orúkọ ọ̀hún wà nílé pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn, láràárọ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Ó lè dákẹ́. Ẹ̀rọ ti ṣófo, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n ìyá àgbà yìí á máa ro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀ pé ọmọ òun kú tòun ti ìbínú. Fàdìlàt kúnlẹ̀ láàrin èèpo obì.

"Ìyá, ẹ̀rọ ò sọ Raqeebah. Kò sọ orúkọ kankan. Mo kánjú, mo ba ohùn rẹ̀ jẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Kò bínú sí yín."

Alhájà kò bú u. Ó rọra bi í, "Ṣé ó dá ọ lójú pé kò bínú? Ṣé o gbọ́ ọ pé orúkọ mi ló sọ?"

Fàdìlàt bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Mi ò gbọ́ ọ, Ìyá."

"O ò gbọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́ ọ."

Ìyá àgbà na ọwọ́, ó fi eteetí ìborùn nu ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó sì nu tirẹ̀. "Pè é fún mi. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mo yọ̀ǹda fún ọ."

Ẹnu Fàdìlàt wúwo. Ó yíjú sí ọmọ tó ń fi apẹ̀rẹ̀ ṣeré, ó ní, "Sàrátù." Ọmọ náà kò yíjú. Ó tún un pè, sókè díẹ̀, "Sàrátù." Ọmọ ń bá eré rẹ̀ lọ, kò mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Alhájà ló jẹ́ ẹ, pẹ̀lú ohùn kékeré, ó sì bú sẹ́kún.